Búrọ́ọ̀ṣì líle kọ́ ló ń fọ eyín mọ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá wo eyín lọ́dọ̀ wa ló gbà pé bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ṣe le tó ni ẹnu á ṣe mọ́ tó. Mo mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó fi orín àtá dàgbà, tó ń run ún títí ẹnu á fi máa ta á, kò ní tètè gbà pé nǹkan rírọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yín láàárọ̀ kí ẹ tó fọnu. Nǹkan funfun tó ń yọ̀ tó bá a jáde yẹn, kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti ká a. Tí itọ́ bá sì ti sọ ọ́ di òkúta, kò sí búrọ́ọ̀ṣì líle tó lè ṣí i, àfi irinṣẹ́ wa. Kí wá ni líle náà ń bá wa ṣe? Ó ń lé ẹran ìdí eyín sẹ́yìn ni, ó ń ha gbòǹgbò tó bá yọ síta, omi tútù á wá di ohun tí èèyàn ń sá fún.

Ojú eyín tó tẹ́jú, tí a máa ń gbo gìrìgìrì, kọ́ ni èérí ń sá pamọ́ sí. Ibi tí eyín ti pàdé ẹran ìdí rẹ̀ ni. Lọ́dún 1948, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Charles Bass, ṣàlàyé bí a ṣe ń bá a débẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ la ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn títí dòní. Ẹ dá búrọ́ọ̀ṣì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí irun rẹ̀ kọjú sí ìlà yẹn gan-an. Ẹ rọra máa mì ín níbẹ̀, eyín méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó sún síwájú. Ìka ni kí ẹ fi mú un bí ẹni mú bírò, ẹ má ṣe fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú. Tí irun rẹ̀ bá ti ya sọ́tùn-ún sósì kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọwọ́ yín ti le jù.

Èyí tí orí rẹ̀ kéré ni kí ẹ rà, torí eyín èrìgì tó kẹ́yìn pátápátá. Ti irun aláwọ̀ mẹ́ta àti rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, ọjà ni wọ́n fi ń tà. Èyí tó ń lo bátìrì máa ń kó èérí díẹ̀ ju tọwọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye rẹ̀ ná. Inú eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ahọ́n níbẹ̀ ni itọ́ ti ń sun, ibẹ̀ ni òkúta sì ti ń kọ́kọ́ hù. Ẹ dá búrọ́ọ̀ṣì dúró lóòró kó lè wọ ibẹ̀. Àárín eyín sí eyín, búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọnu kò dé e; òwú eyín, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fà gba àárín eyín, ló ń bá a débẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń run orín, mi ò ní kó jù ú nù. Kó run orí rẹ̀ títí á fi rọ̀, kó fi tọ ìlà kan náà, níta àti nínú.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ má torí ẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Èérí tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń rọra fọ̀ ọ́ tí kò dá, ẹ wá rí wa.