Àyẹ̀wò Àrùn Ìbálòpọ̀ fún Ọmọ Tó Wà ní Rìmándì

Ọjọ́ tí ọmọ bá wọ ilé àtúnṣe ọmọdé ní Àkúrẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí rìmándì, ló yẹ ká ti yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn ìbálòpọ̀. Kì í ṣe pé a fura sí i o. Adájọ́ lè dá a sílẹ̀ lọ́la. Kí èsì tó dé, ó ti padà sí Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, oògùn ò ní bá a mọ́. Ẹ má dúró de àmì àìsàn. Klamídíà, ọ̀kan nínú àwọn àrùn yìí, kì í sábà dun ènìyàn. Àtọ̀sí náà lè fara pamọ́ sára ọmọbìnrin, kó máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́.

Níbi gbígba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ilé àyẹ̀wò ti kọ́ wa pé ká tọ ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù, ká gba ti àárín. Fún klamídíà àti àtọ̀sí, ti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an là ń wá, torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni kòkòrò ń lẹ̀ mọ́, ìṣàn àkọ́kọ́ ló ń gbá a jáde. Kí ọmọ má tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kó má nu ojú ara, kó gba 20 sí 30 mílílítà péré. Bí ife bá kún, ìtọ̀ tó tẹ̀lé e ti la kòkòrò, ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè má rí i. Fún ọmọbìnrin, òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ dára ju ìtọ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì lè fi í gba omi ojú ara nínú yàrá tó ní ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀jẹ̀ orí ìka tó fún àyẹ̀wò HIV àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis). Àmọ́ HIV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè má hàn títí 90 ọjọ́, ẹ tún un ṣe. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ fún rẹ́kórẹ́kó ṣì lè sọ pé ó wà lára ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ tó sì ti sàn. Ẹ bi ọmọ léèrè kẹ́ ẹ tó tún gún un. “Sítáfù” tí wọ́n ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ọkọ̀ kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Oògùn klamídíà ni doxycycline 100 mg, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7. Bí wọ́n bá ń dá ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ẹ kó gbogbo èyí tó kù nínú hóró 14 náà lé e lọ́wọ́. Ẹ yẹ oyún wò ṣáájú. Aláboyún kì í lò ó, azithromycin gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni tirẹ̀.

Ẹ bi ọmọ bóyá ó fẹ́ àyẹ̀wò náà. Bó bá kọ̀, kò gbọdọ̀ jìyà rẹ̀. Èsì kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́, kì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Bó bá sọ pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀, ẹ ka wákàtí: oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 72. Ẹni tó bá gba ìtọ́jú klamídíà tàbí àtọ̀sí yóò tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù 3, torí bí ẹni tí wọ́n jọ ń bá ara wọn lò pọ̀ ò bá gba oògùn, á tún kó o padà fún un. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé rẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fún un kó tó jáde.