Ìdí tí 8÷2(2+2) fi ń ní ìdáhùn méjì

Ìṣirò 8÷2(2+2), tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2019, kò le rárá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó mọ ìṣirò dunjú ń rí 16, àwọn mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú bákan náà sì ń rí 1.

Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú àkámọ́: 2+2 jẹ́ 4, ohun tó sì kù ni 8÷2(4). Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. BODMAS, ìlànà ètò tí a ń tẹ̀lé nínú ìṣirò, èyí tí a fi ń kọ́ ọmọ ní Nàìjíríà, fi pínpín àti ìsọdipúpọ̀ sí ipò kan náà. Èyí tó bá wà lápá òsì ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì í lóye, tí wọ́n rò pé pínpín gbọ́dọ̀ máa ṣáájú nígbà gbogbo nítorí pé D (pínpín) ṣáájú M (ìsọdipúpọ̀) nínú orúkọ náà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pe ìlànà kan náà ní PEMDAS, M ló ṣáájú, àṣìlóye tibẹ̀ sì dorí kodò. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà náà bó ṣe yẹ, 8÷2 jẹ́ 4, 4×4 sì jẹ́ 16.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó rí 1 náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sí àmì × láàárín 2 àti àkámọ́. Ńṣe ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Nínú aljẹ́bírà, ẹni tó bá ka 8÷2x sábà máa ń mú 2x gẹ́gẹ́ bí odindi ohun kan, kì í já 2 kúrò lára x. Bí x bá jẹ́ 4, 8÷8 ló kù, ìyẹn 1. BODMAS kò sọ ohunkóhun nípa ìlẹ̀mọ́ra yìí, àlàfo yẹn gan-an ni àríyànjiyàn gbà wọlé.

Àwọn ẹ̀rọ ìṣirò pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. TI-82 tí ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ṣe ka 1/2X sí 1/(2X), ṣùgbọ́n TI-83 tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe é láti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí X bá jẹ́ 4, ti àkọ́kọ́ yóò mú 0.125 jáde, èkejì yóò mú 2 jáde: ìlọ́po 16 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ọwọ́ ẹni tó kọ irú ìṣirò yìí sílẹ̀ ni ẹ̀bi wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. ISO 80000-2, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń kọ àmì ìṣirò, kò fọwọ́ sí lílo àmì ÷. Ìlà tó ya nọ́ńbà òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀ kì í fi ẹnikẹ́ni sínú iyèméjì. Níbi tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ti ṣeé fà, bíi lórí fóònù, àkámọ́ kan sí i ti tó: ẹni tó ń fẹ́ 16 yóò kọ (8÷2)(2+2), ẹni tó ń fẹ́ 1 yóò kọ 8÷(2(2+2)).