Yorùbá Ni Ìbàdàn Fi Kọ́kọ́ Kọ́ Ìṣirò

Àwọn kan ní ọdún 1970 ni fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ ìwádìí wọn sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn pẹ́ dé. Ọjà'ba n'Ìbàdàn ni kí ẹ wá wò.

Kí owó òyìnbó tó dé, owó ẹyọ là ń ná. Ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò dà á sílẹ̀, yóò máa fọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Ìwọ́ mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ni wọ́n ń sín sókùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Àpò sì ni ọ̀kẹ́, ìyẹn ni pé àpò ẹyọ ló di orúkọ fún 20,000. Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ, tó ń wọ́ ẹyọ bẹ́ẹ̀, kíláàsì ló wà. Èdè náà gan-an ń kọ́ ọ ní ìyọkúrò. Ẹ wo 45: márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta fúnra rẹ̀, ogún mẹ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nínú orúkọ kan ṣoṣo, ọmọ ò sì tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì.

Lọ́dún 1853 ni David àti Anna Hinderer, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ CMS ti ìjọ Áńgílíkà, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí wọ́n dá iléèwé Kúdẹtì sílẹ̀. Yẹjídé àti Akínyẹlé, ọmọ olóyè Olúnlọ́yọ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Èrò tèmi ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé kíka ẹyọ lọ síbẹ̀ láti ilé.

Ìyókù kò gùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé sí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1955. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà èdè ti 2022 nà án dé ọdún mẹ́fà tí ọmọ ń lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e.

Láìpẹ́ yìí, mo dúró lójú fèrèsé kíláàsì kejì kan nítòsí Bẹẹrẹ. Olùkọ́ kọ 12 – 7 sójú pátákó, ó béèrè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ́kẹ́ pa. Ó wá ní, "Ẹ ní ọsàn méjìlá, ẹ jẹ méje, ó ku mélòó?" Kò tíì panu dé tí wọ́n fi ké pé, "Márùn-ún!" Ó kọ 5 síbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.