Kí ló dé tí orí wa ń wú nítorí ẹni tí a kò bá jẹun rí?

Nígbà ìpolongo ìbò ààrẹ ọdún 2023, ìyá mi kékeré tó ń ránṣọ ní Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogi, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré yan odì. Ọ̀rọ̀ Tinubu àti Atiku ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Tinubu kò mọ̀ wọ́n, Atiku kò mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí, nílé àti nínú mọ́tò tó ń ti Kàbà lọ sí Ìsánlú, níbi tí èèyàn kì í ti í rí ibi sá sí, nítorí ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ ká tètè dé.

Ṣé kì í ṣe owó ni gbogbo rẹ̀? Ṣebí wọ́n ń pín ráìsì?

Owó wà níbẹ̀, n kò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó kì í bá ọ̀rẹ́ yan odì lé e lórí. Yóò gba tọ̀tún, yóò gba tòsì, tó bá dé ibi ìdìbò yóò ṣe bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń yà mí lẹ́nu ni ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀: tó fi owó ajílẹ̀ ra fìlà olùdíje, tó rọ epo sí ọ̀kadà rẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn dé Lọ́kọ́ja. Ta ló ra ìyẹn?

Ó dáa, ṣé torí pé ọmọ Yorùbá ni Tinubu ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáhùn báyìí, wọ́n á sì parí ẹjọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí 1999. Olusegun Obasanjo àti Olu Falae nìkan ló du ipò ààrẹ, Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, ibi yòówù kí ìbò já sí, ó yẹ kí ilẹ̀ Yorùbá máa jó. Rárá o. Falae ni gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn dìbò fún. Obasanjo kò rí Ògùn tí wọ́n bí i sí mú. Lójú àwọn ará ilé, àwọn ará ìta ló rán an wá. Ní 2023 ńkọ́? Ní Èkó tí Tinubu ti ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ, Peter Obi ní ìbò 582,454, òun ní 572,606.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà dà bí igi gbígbẹ. Ó ṣe é dáná, ṣùgbọ́n igi kì í dédé gbiná.

Kí wá ni iná náà?

Ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ti ń dun olùdìbò láti ọjọ́ pípẹ́ pàdé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2022, Tinubu dúró ní Abẹ́òkúta, ó ní, "Èmi ló kàn." Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ará Okun, àwa Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi. Láti 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, àwọn Ígálà ló kọ́kọ́ ń ṣe gómìnà nínú ìjọba alágbádá. Ní 2016 ó bọ́ sọ́wọ́ Ebira. Àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn, Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú, kò tíì sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n dìbò yàn sórí àga náà. Clarence Olafemi tó jókòó síbẹ̀ ní 2008, olórí ilé aṣòfin ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi bá wọn mú un dání nígbà tí ilé ẹjọ́ da ìbò gómìnà nù.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "kàn" yìí ti wà lẹ́nu wa kí Tinubu tó sọ ọ́. Ìyá mi kékeré kò ka ìwé ètò ìjọba kankan. Ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ní wọ́n ti fo òun tó, ó sì rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò rò pé Tinubu ló fẹ́ràn. Ara rẹ̀ tí wọ́n ń fò ló ń gbèjà.

Ẹ wo àwọn yòókù, ohun kan náà ni. Ní 1993, tálákà gbọ́ "ìrètí" lẹ́nu MKO Abiola, Abiola sì borí Bashir Tofa ní Kano tó jẹ́ ìlú Tofa gan-an. Ní 2015, Buhari tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta gbé ìgbálẹ̀ dání, ó ní òun á gbá ilé. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yìnbọn lù ní Lekki ní 2020, inú tó bí wọn nígbà náà kò tíì rọ̀ nígbà tí Obi dé.

Kí ló dé tí ẹni tí orí rẹ̀ wú kì í gbọ́ àlàyé mọ́?

Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, George Marcus àti Michael MacKuen, kọ nǹkan kan nípa èyí ní 1993. Wọ́n ní ìtara a máa fa èèyàn wọ inú ìpolongo, àmọ́ àìbalẹ̀ ọkàn ló ń mú un wádìí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jó lọ kì í dúró béèrè ọ̀nà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló ń béèrè.

Tí ìtara bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibo ló lọ lọ́jọ́ ìdìbò?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Ìbò 8,794,726 ló gbé Tinubu wọlé, kò tó ìdá mẹ́wàá àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ ni ariwo náà wà lọ́wọ́ wọn. Nílé tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Èkó àti Àbújá, ilé ni wọ́n sì ti gba káàdì ìdìbò. Nínú oṣù kejì yẹn, owó náírà ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí i gbà jáde. Orí wíwú kì í san owó ọkọ̀.

Ìtara "ó kàn wá" yẹn, kí ló dé tí kò fún Okun ní gómìnà?

Kò tó oṣù mẹ́sàn-án tó wà láàárín ìbò ààrẹ àti ti gómìnà Kogi, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Dino Melaye láti Àyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wà nínú PDP, Leke Abejide láti Yàgbà wà nínú ADC, àwọn ọmọ Okun mìíràn sì dúró ti Usman Ododo, ọmọ Ebira, nínú APC. Ododo wọlé. Melaye ṣe ẹ̀kẹta.

Mo bi ìyá mi kékeré bó ṣe rí i. Ó ń fi àwọ̀ méjì wéra lórí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

"Gbogbo wọn ló ní àwọn ló kàn," ó ní.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kíra wọn padà.