Bí "dúró" ṣe di ìrù ọ̀rọ̀ nínú èdè Uzbek

Ní Uzbekistan, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn, ẹ óò máa gbọ́ "-di" léraléra ní ìparí gbólóhùn: boradi, ó máa ń lọ, keladi, ó máa ń wá, yozadi, ó máa ń kọ̀wé. Odidi ọ̀rọ̀-ìṣe ni "-di" yìí nígbà kan rí. Turmoq ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "dúró".

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń sọ èdè Túrkì àtijọ́, tí èdè Uzbek ti ṣẹ̀ wá, ní àáríngbùngbùn Éṣíà a máa fi turur, "ó dúró", ti ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn lẹ́yìn. Bara turur: ó ń lọ, kò tíì ṣíwọ́. Ohun tí ẹnu bá ń pè láràárọ̀ lálaalẹ́ a máa gbó. Nígbà ayé Alisher Navoiy, akéwì ìlú Herat, ní Afghanistan òde òní (1441–1501), turur ti di durur, òmíràn tilẹ̀ ti di dur lásán. Bara dur ọjọ́un ló di boradi òní. (Ẹ má ṣe pò ó mọ́ "-di" inú bordi, "ó lọ". Àmì ohun tó ti kọjá nìyẹn, orísun wọn ò pa pọ̀.) Ní ti "èmi" àti "ìwọ", a ò rí turur yìí níbẹ̀ mọ́: yozaman, "mo máa ń kọ̀wé", yozasan, "o máa ń kọ̀wé", ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló gba àyè náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni yozyapti, "ó ń kọ̀wé lọ́wọ́". Ẹ jẹ́ ká tú u. Yoz- ni kíkọ. Yap ni ohun tó ṣẹ́kù lára yotib, tó wá láti ara yotmoq, "dùbúlẹ̀". Turur yẹn náà ló di -ti tó gbẹ̀yìn. Ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ orí àga ni ẹni tó ń kọ̀wé jókòó sí! Ní tiwa, "ń" kékeré kan níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ti tó.

Síbẹ̀, turmoq fúnra rẹ̀ ò kú. Kutib turing ni wọ́n ń sọ fún àgbà: "ẹ ṣì dúró ná." Lọ́jà, qancha turadi? ni "èló ni?" Toshkentda turadi: Tashkent ló ń gbé. Ẹ wá wo turadi yẹn dáadáa: tur-a-di, tur-a turur. Dúró ló ṣáájú, dúró ló kẹ́yìn. Ti iwájú ṣì pé, ti ẹ̀yìn ti gbó kù sílébù kan.