Àwótúnkọ́: ohun tó yẹ kí a máa pe reboot

Bí wọ́n bá pa ìtàn àtijọ́ ọ̀wọ́ géèmù kan rẹ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lábẹ́ orúkọ kan náà, reboot ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “ríbúùtù” fún mi mọ́. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ̀ ní àmì ohùn lásán ni. Èyí tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni “àtúntàn”, tí àwọn kan fi ń yangàn pé àwọn ti rí ìtumọ̀. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní ti géèmù, ìtàn àtijọ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa rẹ́. “Àtúnṣe” ńkọ́? Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ àtúnṣe yóò máa retí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwótúnkọ́ ni mò ń pè é. Ẹ wo ilé kan tí gbogbo àdúgbò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wó o palẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì dá pátákó orúkọ àtijọ́ padà sẹ́nu ọ̀nà. Yàrá tí o ń sùn tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn tó ń jà lórí ìyàtọ̀ remaster (géèmù àtijọ́ tí wọ́n kàn tún àwòrán rẹ̀ dán) àti remake (èyí tí wọ́n tún ṣe, tí ìtàn rẹ̀ ṣì wà) lè máa jà lọ. Kò sí èyí tó wó ilé nínú méjèèjì.

Àìrí orúkọ tó tọ́ ni kò jẹ́ kí a dá ẹjọ́ géèmù DmC: Devil May Cry dáadáa. Láti 2001 ni Capcom, ilé iṣẹ́ géèmù ní Japan, ti ń gbé ọ̀wọ́ Devil May Cry jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e fún Ninja Theory, ilé iṣẹ́ géèmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dante onírun funfun, akọni ìtàn náà, di onírun dúdú, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ènìyàn sì di áńgẹ́lì. Ariwo sọ ní 2010 tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, kò sì tíì rọlẹ̀ títí géèmù náà fi jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Mo wà lára àwọn tó pariwo. Yàrá àtijọ́ ni mò ń wá kiri.

Mo tún ti fi géèmù náà ṣeré láìpẹ́ yìí. Ilé tuntun náà dúró dáadáa. Ní Limbo, ayé kejì tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìlú inú géèmù náà, ògiri ìlú fúnra rẹ̀ ń sún mọ́ra láti fún ọ pa, ọ̀rọ̀ ìkà sì ń yọ lára rẹ̀. Agbára áńgẹ́lì ń fà ọ́ lọ bá ọ̀tá, ti ànjọ̀nú ń fa ọ̀tá wá bá ọ. (Ànjọ̀nú ni mo wí. N kò ní pe ẹ̀mí búburú ní Èṣù láéláé.) Àbùkù rẹ̀ gidi ni àwọn ọ̀tá aláwọ̀ búlúù àti pupa, tó jẹ́ pé ohun ìjà aláwọ̀ tiwọn nìkan ló ń ràn wọ́n, ẹ̀dà ọdún 2015 ti dẹ okùn yẹn.

Ní 2019, Devil May Cry 5 padà sínú ìtàn àtijọ́, irun Dante sì tún funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn náà ní reboot, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n wó.