Lọ́ọ̀yà IP: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an, ìgbà wo ló sì yẹ kéèyàn wá wọn lọ?

Lọ́ọ̀yà ni mí ní Abuja, Garki ni ọ́fíìsì wa wà, Kubwa ni mò ń gbé. Ẹjọ́ orúkọ ọjà, orin, ìwé, fíìmù àti ohun téèyàn fi ọpọlọ ẹ̀ gbé jáde ni mò ń ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní intellectual property, tí ẹnu wa gé kúrú sí IP. Bí àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò bá ti parí ìpàdé báyìí, kí n tó dé ìdí mọ́tò, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin á ti dá mi dúró, ìbéèrè wọn ò sì yàtọ̀ síra. Mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i kà.

Ìbéèrè: Lọ́ọ̀yà tó bá mi ṣe ìwé ilẹ̀ mi ní Lugbe, ṣé òun náà ò lè bá mi ṣe eléyìí ni?

Ó lè ṣe é, òfin ò dè é lọ́nà. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti parí Law School, tí Body of Benchers, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbani wọlé sẹ́nu iṣẹ́ lọ́ọ̀yà, pè é, tí orúkọ ẹ̀ wọ ìwé ní Supreme Court, barrister ni, solicitor náà ni, ó lè ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn láàárọ̀ kó kọ ìwé ilẹ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan tí ìjọba ń fúnni pé o ti di lọ́ọ̀yà IP. Ẹni tó bá pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tí kò ṣe é rí, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Ìyá kan wà tó ń ta gaàrí Ìjẹ̀bú àti èlùbọ́ níbí, wọ́n ń kó o wá fún un láti ilé, ó ń dì í sínú ọ̀rá, orúkọ ọmọ ẹ̀ obìnrin ló sì fi sọ ọjà náà. Ó gba ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kẹfà ó ní òun fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC kí ọjà òun lè wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá ní kó mú ìwé trademark wá, ìyẹn ìwé pé òun ló ni orúkọ ọjà náà. Ibi tó ti ń wá ìwé yẹn ló ti bá a pé ẹnì kan ní Kano ti fi orúkọ yẹn gba trademark lọ́dún méjì ṣáájú, lórí oúnjẹ irú tiẹ̀ gan-an. Ọkùnrin yẹn ò sì dákẹ́, ó ní kí lọ́ọ̀yà òun kọ̀wé sí ìyá pé kó yéé lo orúkọ òun. Orúkọ ọmọ tó lóyún ẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án! Lọ́ọ̀yà tí ìyá kọ́kọ́ lọ bá mọ iṣẹ́ ilẹ̀ dáadáa, mi ò ní bú u, ohun tó sọ ni pé kí wọ́n bẹ ará Kano, kí wọ́n wá orúkọ míì.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí a kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ẹ̀yin mà, rìsíìtì ẹni tó bá yín tẹ ọ̀rá àkọ́kọ́ dà?" Torí pé abala keje nínú Trade Marks Act sọ ọ́ kedere: bí èèyàn bá ti ń lo orúkọ kan bọ̀ láìdáwọ́ dúró, kí oníwèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kó sì tó gba ìwé lé e lórí, oníwèé ò lè lé e kúrò nídìí ẹ̀. Ìyá lọ tú àpótí. Wọ́n rí rìsíìtì méjì, wọ́n rí fọ́tò tí ọmọ ẹ̀ gbé sórí Facebook lọ́dún àkọ́kọ́, èyí tó wá wú mi lórí jù ni ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń rajà láwìn sí, ọjọ́ wà níbẹ̀, iye ọ̀rá wà níbẹ̀, orúkọ gaàrí náà wà níbẹ̀ láti ojú ewé kìíní. A kọ èsì. Lọ́ọ̀yà ará Kano mọ ohun tó kà, wọ́n wá, a jókòó, wọ́n fọwọ́ síwèé, ìyá ṣì ń ta gaàrí ẹ̀ di òní. Kò sẹ́ni tó dé kọ́ọ̀tù. Ìwé tó yẹ kéèyàn béèrè ni lọ́ọ̀yà tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìwé CAC kì í ṣe ẹ̀rí pé èmi ni mo ni orúkọ ni?

Kì í ṣe òun o. Iléeṣẹ́ ni CAC ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, pé o wà, pé òwò rẹ bófin mu. Orúkọ tó wà lára ọjà, ibòmíì ni wọ́n ti ń gba ìyẹn, ní ọ́fíìsì trademark, patent àti design tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdáwọ́lé àti òwò, ní Old Secretariat, Area 1, Garki. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ mọ́tò gba iwájú ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tá ò sì mọ̀.

Ìbéèrè: Copyright, trademark, patent, gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú, kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò zobo kan dání. Orúkọ tó wà lára ẹ̀, trademark nìyẹn, ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, lẹ́yìn náà ọdún 14, 14, bó o bá ṣáà ti ń sanwó ẹ̀ lásìkò kò ní tán. Àwòrán tí wọ́n yà sára ìgò, orin kékeré tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ lórí rédíò, copyright nìyẹn, ìwọ ò nílò kó o lọ gba nǹkan kan kó tó jẹ́ tìẹ, bó o bá ti ṣe é tó ti wà nílẹ̀ tèèyàn lè rí tàbí gbọ́, òfin ti mọ̀ ọ́ sí i, yóò sì wà títí o máa fi kú, àti ọdún 70 lé e. Òfin copyright tuntun ni ti 2022, ọdún 2023 ni ààrẹ ìgbà yẹn fọwọ́ sí i. Nigerian Copyright Commission, tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Abuja níbí, ní ibi téèyàn ti lè fi iṣẹ́ ẹ̀ tó wọn létí, kì í ṣe dandan, àmọ́ ó máa ń wúlò fún ẹ̀rí.

Ìrísí ìgò yẹn fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ tuntun tí kò sírú ẹ̀, design ni, ọdún 5, o lè tún un gbà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bó o bá wá rí ọgbọ́n kan tí kò sẹ́ni tó rí i rí, tí zobo fi ń pẹ́ láìsí fíríìjì, patent nìyẹn, ọdún 20 péré, owó ọdọọdún ni wàá máa san, tó bá tán ó tán, ó ti di ti gbogbo ayé. Iye ata ilẹ̀ àti kànáfùrù tó ò ń dà sí i tó ò sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Àṣírí òwò nìyẹn, kò sí ọ́fíìsì tó ń gba orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, àdéhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ fọwọ́ sí kí wọ́n tó wọ kíṣìnì ló máa dáàbò bò ó.

Ìgò kan ṣoṣo o. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n lè gbà jà ọ́ lólè, bí lọ́ọ̀yà rẹ bá gba ẹyọ kan tó fi mẹ́rin sílẹ̀, o ò ní mọ̀ àfi ọjọ́ tí wàhálà bá dé.

Ìbéèrè: Ọmọ àbúrò mi wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó ní barrister IP lòun fẹ́ ṣe, kì í ṣe solicitor. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?

Níbí, ohun kan náà ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n pín in. Solicitor lo máa bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ló ń kọ lẹ́tà, òun ló ń kó ìwé jọ, tó bá wá di ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù tàbí tí òfin ibẹ̀ bá ta kókó, òun ló sábà máa ń gbé e lọ bá barrister tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti IP nìkan. Chambers tiwọn ò sì jọ tiwa, àwọn barrister tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn ló pa owó pọ̀ gba ilé kan, tèmi tìẹ ò pọ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Tiwa tẹ́ ẹ máa ń rí lára pátákó ní Wuse, orúkọ iléeṣẹ́ lọ́ọ̀yà lásán ni. Wọ́n tiẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kan tó jẹ́ ti IP nìkan, Intellectual Property Enterprise Court, láti 2013 ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, owó ìtanràn tó lè ní kí wọ́n san fúnni ò sì gbọ́dọ̀ ju £500,000 lọ, kí oníṣòwò kékeré náà lè rí ibi gbé ẹjọ́ lọ. Ó wù mí ká nírú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà ṣe é.

Ìbéèrè: Mo ṣe ẹ̀rọ kan tó ń bó ẹ̀pà ní Kaduna, gbogbo èèyàn ti rí i lórí Facebook, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣé kí n wá gba patent báyìí?

Ẹ̀gbọ́n, ibi tó le nìyí. Patent fẹ́ ohun tuntun, tó bá ti hàn sí gbogbo ayé kó o tó kọ̀wé, ó ti di ohun tí ayé mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé fídíò, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé. Ohun kejì, ọ́fíìsì wa níbí kì í wádìí bóyá ohun tẹ́ ẹ ṣe tuntun lóòótọ́, wọ́n á wo ìwé bó ṣe tò, wọ́n á fún yín, òfin fúnra ẹ̀ sì sọ pé orí ẹni tó gbà á ni ewu ẹ̀ wà. Torí náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni gbogbo ẹ̀. Bí lọ́ọ̀yà bá kọ pé "ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀pà", ẹnikẹ́ni lè fọ́ ọ níwájú adájọ́. Ó gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́, kó mọ apá ibi tí ọgbọ́n tìrẹ wà nínú irin yẹn, kó sì kọ ibẹ̀ gan-an. Bí nǹkan míì bá wà nínú ẹ̀rọ náà tẹ́ ẹ ò tíì fi han ẹnikẹ́ni, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Ìbéèrè: Mo sanwó fún ọmọkùnrin tó ya lógò mi. Tèmi ni, àbí?

Bí ẹ ò bá ní ìwé, tiẹ̀ ni. Ẹni tó ya á ló ni copyright ẹ̀ títí dìgbà tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé e lé yín lọ́wọ́. Ojú ewé kan tó. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó san gbogbo owó tán.

Ìbéèrè: Wọ́n ń ta ayédèrú ọjà mi ní Kano, ṣé kí n lọ bá ọlọ́pàá ni àbí kọ́ọ̀tù?

Federal High Court ló ni ẹjọ́ yìí, abala 251 nínú òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló fi fún wọn, trademark, copyright, patent, títí dórí kéèyàn máa fi ọjà ẹ̀ jọ tẹlòmíì. Kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ò ní agbára ẹ̀, Sharia ò ní in, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ò ní in, mo sì ti rí ẹjọ́ tó jókòó síbi tí kò yẹ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dà á nù. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á kó ẹrù pamọ́, a lè lọ bá adájọ́ láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́, kó pàṣẹ ká wọlé lọ kó o. Tó bá jẹ́ ìwé tàbí fíìmù ni wọ́n ń tẹ̀ láìgbàṣẹ, Copyright Commission ní àwọn òṣìṣẹ́ tó lágbára bí ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin 2022 ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ojúlé náà kí wọ́n yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pẹjọ́, ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé yín. Lọ́dún 2004, Supreme Court dá ẹjọ́ Ferodo àti Ibeto lórí páálí ohun tí wọ́n fi ń ṣe bíréèkì mọ́tò. Ferodo ní páálí Ibeto jọ tàwọn. Àwọn adájọ́ ní ọ̀rọ̀ FERODO gan-an ni ọkàn àmì tí wọ́n fi gba ìwé, ti Ibeto sì ń jẹ́ Union Supa, èèyàn ò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ibeto ló jàre. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ọ̀rá yín ni àwọn èèyàn fi ń dá yín mọ̀ lọ́jà, ẹ sọ fún lọ́ọ̀yà kó gba àwọ̀ náà mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹ ní kó ya owó ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ bi í pé kíláàsì wo, ìyẹn ìsọ̀rí ọjà àti iṣẹ́, nínú 45 tó wà ló máa gbà fún ọjà yín, bó bá ní "ẹ fi sílẹ̀ fún mi" láìbi yín ohun tẹ́ ẹ ń tà, ẹ dìde. Ẹ tún bi í pé ta ló máa wo ìwé ìròyìn trademark fún yín, torí tí wọ́n bá gbé orúkọ jáde nínú ẹ̀, oṣù méjì ni ẹlòmíì ní láti tako o, ẹ̀yin náà sì lè tako ẹni tó fẹ́ gba tiyín.

Kẹ́ ẹ tó dìde níwájú ẹ̀, ẹ bi í ní ìyàtọ̀ láàárín acceptance àti certificate. Acceptance ni lẹ́tà tó kọ́kọ́ ń jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ó ti parí níbẹ̀, wọ́n á lọ fi férémù sí i. Certificate ló kù, ẹ má fi lọ́ọ̀yà sílẹ̀ títí ẹ máa fi gbà á. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, rìsíìtì àtijọ́ lẹ máa kó wá, àti ìwé gbèsè.